*Windos: ọ̀rọ̀ "funfun" tó bí Finn, Gwen àti Jennifer

Jennifer pọ̀ gan-an ní Èkó, àmọ́ Cornwall ni orúkọ yẹn ti wá, ní igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń pe Gwenhwyfar, ìyàwó Ọba Arthur nínú ìtàn àwọn ará Wales, bẹ́ẹ̀. "Gwen" tó wà níwájú orúkọ yẹn, funfun ni. *Windos, ọ̀rọ̀ èdè Celtic àtijọ́ tí èdè Wales àti ti Áílàndì ti wá, ló bí i, òun náà ló sì di "fionn" lẹ́nu àwọn ará Áílàndì. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì máa bi pé kí ló pa wọ́n pọ̀, wọn ò kúkú jọra.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ìró inú èdè kì í ṣàdédé yí padà, tó bá yí nínú ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń yí nínú àwọn yòókù tó ní ìró yẹn níbi kan náà. Ọkùnrin ní Áílàndì ni "fear", ní Wales "gŵr". Òótọ́, "fíor" àti "gwir". Kódà wáìnì tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù, "vinum" tí wọ́n ń fi w pè nígbà yẹn, Áílàndì sọ ọ́ di "fíon", Wales sọ ọ́ di "gwin". Torí náà w ló wà níbẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, Áílàndì sọ w di f, Wales fi g síwájú ẹ̀.

Ti ìparí ọ̀rọ̀ ló tiẹ̀ dùn jù. *Windos ni wọ́n ń sọ tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ akọ, tó bá jẹ́ abo ó di *windā. Nígbà tó yá ìparí méjèèjì já dànù, àmọ́ kí "ā" yẹn tó lọ ó ti fa "i" tó wà níwájú ẹ̀ di "e" ní Wales, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi ń jẹ́ Gwyn tí obìnrin sì ń jẹ́ Gwen títí dòní, ìparí tó fà á ò sì sí mọ́.

Ìràwọ̀ tó wà níwájú *windos túmọ̀ sí pé àwọn onímọ̀ èdè ló tún un kọ́, kò sí ìwé tí wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ eléyìí ní ẹlẹ́rìí o. Àwọn ará Róòmù kọ orúkọ ìlú àwọn Celtic sílẹ̀: Vindobona níbi tí Vienna wà báyìí (orúkọ Vienna fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò ti ibẹ̀ wá), Vindonissa tó di Windisch ní Switzerland, àti Vindolanda lẹ́bàá ògiri Hadrian, ògiri àwọn ará Róòmù ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "nd" tí Wales ti gbé mì wà níbẹ̀ gbangba.

Tá a bá tún lọ sẹ́yìn ju Celtic lọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé gbòǹgbò *weyd-, "rí", ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n wá ki n bọ àárín ẹ̀, bí Látìn ṣe ní "vinco" (mò ń ṣẹ́gun) àti "vici" (mo ṣẹ́gun). Ohun tó hàn kedere ló di ohun tó mọ́lẹ̀, ló wá di funfun. Gbòǹgbò yẹn náà ló bí "video" ti Látìn, fídíò tá à ń wò lórí fóònù nìyẹn, àti Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ ti Íńdíà.

Wales ló ṣì ń lo "gwyn" fún funfun lásán, àti fún ìbùkún: ibi tí Bíbélì Yorùbá ti ní "Alábùkún-fún ni" nínú Mátíù orí 5, tiwọn ní "Gwyn eu byd", ayé wọn funfun. Ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí èdè wọn bá ti Wales tan, Gwenn-ha-du, funfun àti dúdú, ni wọ́n ń pe àsíá wọn. Áílàndì ní tiẹ̀ ti gbé iṣẹ́ yẹn fún "bán", "fionn" wá kù sára irun tí kò dúdú, orúkọ Fionn mac Cumhaill, akọni inú ìtàn wọn (Finn lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì), àti omi tó mọ́. "Fionn uisce", omi mímọ́ gaara, ni etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ sí Phoenix, bí Phoenix Park ní Dublin ṣe jẹ́ Phoenix nìyẹn, kò kan ẹyẹ phoenix inú ìtàn àtijọ́.

Ẹyẹ tí wọ́n ń jà lé lórí ni penguin. Àwọn kan ní "pen gwyn", orí funfun, ni. Orí penguin dúdú, òótọ́ ni, àmọ́ ẹyẹ Àtìláńtíìkì kan tí wọ́n ti pa run, great auk, ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yẹn, òun sì ní àmì funfun nítòsí ojú. Àwọn míì ní Látìn ni, "pinguis", tó sanra.