Bí Ẹ̀sùn Oògùn Ṣe Bọ́ Sọ́rùn Olùkọ́ Ẹṣin

Ẹṣin tó ń sáré lórí tẹlifíṣọ̀n nílé tẹ́tẹ́ tó wà nítòsí Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà, kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Kọ̀ǹpútà ló yà á. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí owó bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Wọ́n ti fún ìyẹn lóògùn! Olùkọ́ ẹ̀ ló ṣe é!" Ẹṣin tí ò lẹ́nu, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà rọ oògùn sí i?

Ẹ̀sùn ọ̀hún ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ẹlẹ́ṣin. Igbó la wà, eṣinṣin tsetse kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ogun tí Aláàfin Ọbalókun rán sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan ìjàngbọ̀n, torí àwọn ará Ọ̀yọ́ ò mọ ogun inú igbó jà. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wa láti gbà pé olùkọ́ ẹṣin, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin tó sì ń kọ́ ọ ní eré sísá, ni ọ̀daràn látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe níkà.

Newmarket, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1811. Àwọn ẹṣin mu omi nínú ọpọ́n wọn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, àwọn kan sì kú. Arsenic, májèlé kan, ló wà nínú omi náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel Dawson ló dà á sí i. Àwọn tó ta tẹ́tẹ́ pé àwọn ẹṣin wọ̀nyẹn ò ní borí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti pa wọ́n, ó kàn fẹ́ kó rẹ̀ wọ́n ni, àmọ́ oògùn pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n jọ ṣe é ló jẹ́rìí takò ó, wọ́n sì yẹgi fún un ní Cambridge lóṣù kẹjọ ọdún 1812. Ẹran ẹlòmíì tó pa ni wọ́n torí ẹ̀ pa á. Èrú inú eré ẹṣin ò tíì ní òfin tirẹ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1900, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn olùkọ́ ẹṣin kan dé láti Amẹ́ríkà, Enoch Wishard lókìkí jù nínú wọn. Wọ́n á ra ẹṣin tí ẹlòmíì ti pa tì, kò ní pẹ́ tí ẹṣin ọ̀hún á fi máa fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kokéènì ni wọ́n ń fún un. Àwọn tó wà nítòsí ń rí i: ojú ẹṣin á yọ síta, òógùn á bo gbogbo ara rẹ̀. Kò sì sí òfin kankan tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ba àwọn àgbà Jockey Club, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré náà, jẹ́ gan-an ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò gbà pé oògùn lè mú ẹṣin sáré ju bó ṣe lè sáré lọ.

George Lambton, tóun náà jẹ́ olùkọ́ ẹṣin ní Newmarket, ló là wọ́n lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lord Durham, wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Lambton sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun máa fún àwọn ẹṣin òun lóògùn ní gbangba, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Àwọn ọ̀lẹ inú ibùso rẹ̀ ló mú, àwọn tí kò sẹ́ni tó lè fi kọ́bọ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Márùn-ún ló sáré. Mẹ́rin borí, ìkarùn-ún ṣe ipò kejì! Lọ́dún 1903 ni ẹgbẹ́ náà fòfin de oògùn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, nítorí pé òun gan-an ì bá máa fi oògùn náà kó owó jọ láìsí ẹni tó máa mú un.

Òfin ti wà báyìí, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa fi mọ ẹṣin tó lo oògùn? Ní Vienna, lọ́dún 1910, wọ́n ránṣẹ́ pe onímọ̀ kẹ́míkà kan láti Warsaw, Bukowski lórúkọ rẹ̀. Ó yẹ itọ́ ẹṣin wò, ó sì rí oògùn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ́ àwọn bó ṣe ṣe é, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fränkel, ní Vienna kan náà, ló wá jókòó tì í títí tó fi rí ọ̀nà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1930, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi eku funfun ṣe é. Wọ́n á gún eku náà lábẹ́rẹ́ ohun tí wọ́n fà jáde lára ẹṣin. Bí mọ́fíìnì bá wà nínú rẹ̀, ìrù eku á nà sókè, á sì tẹ̀ kọdọrọ lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí ló gbé ọ̀rọ̀ dé ọrùn olùkọ́. Itọ́ lè sọ pé oògùn wà lára ẹṣin, kò lè sọ ẹni tó fún un. Lóṣù kẹjọ ọdún 1930, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Don Pat borí ní Kempton Park. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá kaféènì níbẹ̀. Jockey Club pe olùkọ́ rẹ̀, Charles Chapman. Wọn ò sọ pé òun ló fún ẹṣin lóògùn o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹṣin lo oògùn, àti pé olùkọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní Newmarket, iṣẹ́ tó ń jẹ bọ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde, gbogbo ayé sì kà á sí pé Chapman ló ṣe é. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì ní kí wọ́n san 16,000 pọ́n-ùn fún un. Nígbà tó di ọdún 1932, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ tó kan Jockey Club padà: Chapman ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó ti gbà pé wọ́n lè gbé ìdájọ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn tiwọn.

Ẹni tó bá mọ àwọn òṣómàáló ìlú wa á tètè lóye òfin yìí, pé olùkọ́ ló máa dáhùn fún oògùn tí wọ́n bá rí lára ẹṣin rẹ̀. Òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ kì í béèrè ẹni tó wọ aṣọ náà nínú ilé. Ẹni tó gbà á láwìn ló mọ̀, iwájú ilé rẹ̀ ló sì máa lóṣòó sí. Òfin náà le, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ wo ibùso kan: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń bọ́ ẹṣin, dókítà ẹran, ẹni tó ń kan bàtà irin, ẹni tó ń gùn ún, ẹni tó ni ín. Bó bá di pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ tó mú abẹ́rẹ́, ta ni wọ́n máa rí mú láéláé?

Lónìí, bí ẹṣin bá ti borí, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú un lọ síbi àyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ kan á mú igi tí wọ́n so ife mọ́ lórí dání, á máa súfèé kí ẹṣin lè tọ̀. Bó bá tọ̀, wọ́n á pín in sọ́nà méjì, wọ́n á dí i pa, ẹni tó ṣojú olùkọ́ á sì fọwọ́ síwèé.

Lọ́dún 1968, wọ́n gba ipò kìíní Kentucky Derby, eré ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ẹṣin tó ń jẹ́ Dancer's Image nítorí phenylbutazone, oògùn ìrora. Wọ́n ní kí olùkọ́ rẹ̀, Lou Cavalaris, lọ jókòó sílé fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó ni ẹṣin náà, Peter Fuller, ti fún ìyàwó Martin Luther King lówó tó jẹ níbi eré mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, ó sì gbà pé ọ̀tá tí ìyẹn fà ló wọnú ibùso òun. Ó gbé e lọ sí kóòtù títí, ipò náà ò padà.

Ti oṣù kẹta ọdún 2020 tún yàtọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 27, Jorge Navarro àti Jason Servis, àwọn olùkọ́ ńlá, wà nínú wọn. Oògùn tí àyẹ̀wò ò ní lè rí ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí fóònù, tí àwọn agbófinró ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀, ló tú wọn fó. Navarro gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, Servis mẹ́rin.

Òfin tuntun tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá lè fi hàn bí oògùn ṣe dé ara ẹṣin, tí kò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n lè dín ìyà rẹ̀ kù. Òun ló máa wá ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe àwọn tó fẹ̀sùn kàn án. Ẹ̀bùn tí ẹṣin jẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Wọ́n á gbà á, wọn ò sì ní dá a padà fún un.