Ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ òkun àti ewu rẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré

Ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìgbì tí ọkọ̀ ojú omi máa ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń la omi kọjá. Kò sí ọkọ̀ tí kì í dá a, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ òkun ńlá àti ti ọkọ̀ asáré ló lè da omi kún ọkọ̀ kékeré, tó lè dojú rẹ̀ dé, tàbí kó ṣe èèyàn léṣe lórí ìjókòó. Ìgbì tí afẹ́fẹ́ ń rú sókè máa ń fara hàn kó tó le, atukọ̀ á sì ti múra dè é. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí omi tó pa rọ́rọ́ ló sábà máa ń bá èèyàn, nígbà tí ọkọ̀ tó dá a sílẹ̀ ti kọjá lọ, tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré sì ti gbé ọkàn kúrò lára rẹ̀.

Bí ìgbì náà ṣe ń wáyé

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, iwájú rẹ̀ á máa ti omi sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa fi àyè sílẹ̀ kí omi ya wọ̀ ọ́. Ibi méjèèjì yìí ni ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ á máa tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á dábùú ọ̀nà tó gbà. Àwọn yòókù á ya sọ́tùn-ún àti sósì bí apá ẹyẹ tó là. Ní ọdún 1887, onímọ̀ físíìsì William Thomson, tí wọ́n fi joyè Lord Kelvin lẹ́yìn náà, fi ìṣirò hàn pé nínú omi jíjìn, igun tí àwọn ìgbì yìí ń dá kì í yí padà. Nǹkan bí ìwọ̀n (dígírì) 19.5 ni ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yálà ọkọ̀ ńlá ni o tàbí kékeré.

Ohun tó ń yí padà ni gígùn ìgbì àti gíga rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan, àlàfo tó wà láàárín orí ìgbì kan àti èkejì nínú àwọn tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn á tó mítà 16. Bó bá sọ eré náà di ìlọ́po méjì, tó ń sá kìlómítà 36, àlàfo náà á di mítà 64, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ gbé agbára tó pọ̀, ọ̀nà jíjìn ló sì máa ń rìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi títóbi ọkọ̀ nìkan díwọ̀n ewu ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gùn tó mítà 300, tó ń rọra wọ èbúté, lè dá ìgbì tí kò tó ti ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá, nígbà tí ìyẹn bá parí iṣẹ́ tó ń sáré padà sí ìdíkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ asáré náà ní tirẹ̀. Bó bá ń rọra lọ, ìgbì rẹ̀ kéré. Bó bá ti gbéra tán tó ń fò lórí omi, ìgbì rẹ̀ á tún dín kù. Àárín méjèèjì ló burú jù, nígbà tí orí ọkọ̀ bá ga sókè tí ìdí rẹ̀ sì rì mọ́lẹ̀. Atukọ̀ tó dín eré rẹ̀ kù díẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ṣàánú ọkọ̀ àjẹ̀ tó wà níwájú lè tipa bẹ́ẹ̀ rán ìgbì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Àfi kó tètè dẹ eré náà sílẹ̀ pátápátá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbì tó wà létí igun tí Kelvin ṣírò yẹn kì í tètè rọlẹ̀. Nínú omi jíjìn, ó ní láti jìnnà sí ọkọ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kí gíga rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Kì í sì í yára dé. Èyí tí orí rẹ̀ ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà-mẹ́fà á lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ kó tó rin kìlómítà kan. Láàárín àkókò yìí, èrò lè ti dìde láti na ẹsẹ̀, apẹja lè ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti fa àwọ̀n.

Ibi tí omi kò bá jìn

Omi tí kò jìn ń yí gbogbo ìṣirò yìí padà. Jíjìn omi kọ̀ọ̀kan ló ní eré tí ìgbì kò lè kọjá níbẹ̀: níbi tó jìn ní mítà 10, ó tó kìlómítà 36 ní wákàtí kan, níbi tó jìn ní mítà 4, kò ju nǹkan bíi 22 lọ. Ọkọ̀ tó bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀ gan-an kò lè ju ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, ìgbì náà kò sì lè sá fún un. Agbára á wá máa kó jọ níwájú ọkọ̀ títí ìgbì á fi ga tó sì fẹ̀ kọjá ohun tó yẹ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1834, onímọ̀ ẹ̀rọ John Scott Russell rí irú rẹ̀ létí odò àgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Union Canal, nítòsí Edinburgh. Ẹṣin méjì ló ń fa ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan lọ. Ọkọ̀ náà dúró lójijì, ṣùgbọ́n omi tó ti kó jọ níwájú rẹ̀ kò dúró: ó di òkìtì kan ṣoṣo tó rí roboto, tó ga tó nǹkan bí 30 sí 45 sẹ̀ntímítà, ó sì ń sáré lọ ní bíi kìlómítà 13 ní wákàtí kan. Russell gun ẹṣin lé e ju kìlómítà kan lọ kó tó pòórá mọ́ ọn lójú níbi tí odò náà ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́.

Ìgbì tó bá ti inú omi jíjìn dé orí iyanrìn tún máa ń kúrú ní gígùn, á ga sókè, á sì fọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1999, ìgbì ọkọ̀ asáré tó ń kó èrò dé bá Purdy, ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn èèyàn fi ń dẹ ìwọ̀, níbi òkìtì iyanrìn Shipwash tó wà lójú òkun Harwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan bọ́ sómi, ó sì kú.

Fífà tí ọkọ̀ ńlá ń fa omi

Kì í ṣe ìgbì nìkan ni ọkọ̀ ńlá fi ń ṣe ọkọ̀ kékeré. Nínú ọ̀nà omi tó há, omi tí ara ọkọ̀ ń tì gbọ́dọ̀ sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ojú omi á sì lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró létí odò á kọ́kọ́ rí i pé omi ń fà kúrò ní bèbè, tí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó jókòó sórí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi á ya padà wá pẹ̀lú agbára. Ọmọdé tó bá tẹ̀lé omi tó ń fà sẹ́yìn láti mú ẹja wà nínú ewu gidi.

Fífà yìí lágbára tó láti gbé ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1911, ó fa ọkọ̀ ogun Hawke lu ẹ̀gbẹ́ Olympic, ọkọ̀ òkun ńlá tó ń kó èrò, nínú omi Solent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1912, bí Titanic ṣe ń kúrò ní Southampton, omi tó rú sókè já okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ New York mọ́lẹ̀, ó sì fà á wá títí ó fi kù díẹ̀ kí àwọn méjèèjì kọlu ara wọn. Bó bá lè ṣe báyìí sí ọkọ̀ òkun, a mọ ohun tó lè ṣe sí ọkọ̀ pákó tó sún mọ́ ọn.

Èbúté Èkó

Ní Èkó, ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré ń gbà. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Àpápá àti Tin Can Island ń gba Commodore Channel wọlé láti òkun, láàárín odi òkúta méjì tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Tarkwa Bay, àdúgbò kan létí òkun, wà nínú ibẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó ń kó èrò ibẹ̀ lọ sí Èkó ní láti ré ọ̀nà ọkọ̀ òkun kọjá. Àwọn apẹja náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n wọn. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ṣàn jáde sí òkun, tí ìgbì sì ń bọ̀ láti ìta, ìgbì náà á kúrú, á sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bá kọjú sí omi tó ń ṣàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Níbi tí ògiri èbúté bá wà, èyí tó lu ògiri á padà wá bá èyí tó ń bọ̀, omi á sì máa tọ sókè láìní ìhà kan pàtó. Irú omi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún atukọ̀ jù, torí kò mọ ibi tí yóò kọ orí ọkọ̀ sí.

Ohun tí atukọ̀ ń ṣe

Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wo ọkọ̀ ńlá mọ́ bó bá ti kọjá. Omi ló ń wò. Ìlà dúdú kan á kọ́kọ́ hàn lórí omi tó ń dán, á máa nípọn bó ṣe ń sún mọ́ tòsí, orí rẹ̀ á wá máa funfun níbi tí omi kò bá jìn. Kí ìlà náà tó dé, ó yẹ kó ti dín eré kù, kó ti pariwo sí èrò pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì di nǹkan mú. Kò gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kò ṣe é darí mọ́, á sì dábùú fún ìgbì. Ìyẹn ni koríko omi tó wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì fi léwu jù lásìkò yìí.

Orí ọkọ̀ ni kó kọ sí ìgbì, ṣùgbọ́n kó yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní nǹkan bí ìwọ̀n 45. Bó bá kọ ọ́ sí i tààrà, orí ọkọ̀ lè já sínú kòtò tó wà láàárín ìgbì méjì, kó sì bu omi. Bó bá gbé ẹ̀gbẹ́ sí i, ìgbì á yí i. Àwọn ìgbì yìí kì í sì í dá wá: èkejì tàbí ẹ̀kẹta lè ga ju àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kánjú fún ẹ́ńjìnnì ní iná lẹ́yìn ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ìgbì ń gbà bọ̀, kó dúró sí ẹ̀yìn orí ìgbì tó wà níwájú rẹ̀, kó má sáré kọjá orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti ibẹ̀ ṣẹ́rí lójijì tí wọ́n sì dojú dé.

Ẹrù ọkọ̀ ló ń pinnu iye àyè tó kù fún àṣìṣe. Ọkọ̀ tí etí rẹ̀ fi ìbú ọwọ́ kan péré ga ju omi lọ kò nílò ìgbì ńlá kó tó mu omi, omi tó bá sì ti wọlé á máa yí gba ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí, á tún fi kún títẹ̀ náà.

Èrò inú ọkọ̀

Iwájú ọkọ̀ ló ń ju èèyàn sókè jù, àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì ni eegun ẹ̀yìn wọn sábà máa ń fara pa nínú ọkọ̀ asáré. Ó dára kí arúgbó, aboyún àti ẹni tó ní ìrora ẹ̀yìn jókòó sí àárín tàbí sẹ́yìn. Dídìde àti sísáré sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìgbì dé ló burú jù nínú ohun tí èrò lè ṣe.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lára kí ọkọ̀ tó ṣí, kí okùn rẹ̀ sì wà ní síso. Èyí tí wọ́n kàn gbé kọ́rùn láìso á bọ́ gba orí jáde bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá já sómi. Ìròyìn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà fún ọdún 2022 sọ pé nínú 100 èèyàn tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, 75 ló rì sómi, àti pé nínú 100 tó rì, 85 ni kò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, àti LASWA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èrò, wọ́n sì fòfin de kíkó èrò lóru. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí èèyàn dì mọ́ ọkọ̀ náà bó bá ṣì léfòó. Ó rọrùn láti rí ju orí èèyàn kan ṣoṣo lọ.

Òfin ojú omi

Òfin àgbáyé ti 1972 lórí dídènà ìkọlù lójú òkun sọ pé ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 20 kò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú ọ̀nà tóóró nìkan ló ti lè rìn láìséwu, àwọn apẹja kò sì gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ kankan tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè kúkúrú márùn-ún léraléra, ó ń sọ pé òun kò mọ ohun tí ọkọ̀ kékeré fẹ́ ṣe. Òfin kan náà pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀, ńlá àti kékeré, pé kí wọ́n máa sáré ní ìwọ̀n tí kò léwu.

Ìdí wà fún ìtẹríba yìí. Òfin ààbò ẹ̀mí lójú òkun gbà kí omi tí kò hàn sí ẹni tó ń darí ọkọ̀, níwájú orí ọkọ̀ rẹ̀, gùn tó ọkọ̀ náà lọ́nà méjì tàbí 500 mítà, èyíkéyìí tó bá kéré jù. Apẹja tó wà nínú àyè yẹn lè máa wo ọkọ̀ náà kedere, kí àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún má rí i rárá.