Inú omi gbígbóná ni apẹ̀rẹ̀ wúlù ti ń di apẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá rí apẹ̀rẹ̀ tí a fi wúlù, òwú irun àgùntàn, hun nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ lè rò pé wọ́n ti fi òwú ṣòfò. Ohun tó ń jáde dà bíi fìlà tó tóbi jù, tó rọ̀ jọ́wọ́jọ́wọ́, tí ojú híhun rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ lè rí ọwọ́ ara yín láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kàn ń bá wa to òwú ni. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti gbígbo ló ń sọ ọ́ di ohun tó le, tó lè dá dúró lórí tábìlì tí a ó sì máa kó kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì tàbí ike ìpara sí.

Irun àgùntàn kì í dán bó ṣe ń rí lójú. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló bò ó lára bíi ti ẹja, gbogbo wọn sì kọjú sí apá kan náà. Tí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá mú kí ìpẹ́ yìí ṣí, tí ọwọ́ sì ń gbo irun mọ́ irun, ọ̀kan á máa rìn wọnú èkejì, ìpẹ́ ò sì ní jẹ́ kó padà sẹ́yìn mọ́. Bí irun dàdá ṣe ń lọ́ mọ́ra tí òòyà kò fi ní rí ọ̀nà gbà, bẹ́ẹ̀ ni wúlù ṣe ń dì. Tó bá sì ti dì, kò sí ẹni tó lè tú u.

Nídìí òwú ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, mo sì fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. "Wúlù" tí wọ́n ń fi dirun lọ́jà wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian wool, kò bá àgùntàn tan rárá. Acrylic ni, ike tí wọ́n fà di òwú. Ẹ bọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní dì. Àgùntàn ilẹ̀ wa náà kò lè gbà wá, nítorí irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn, kì í ṣe irun tó ṣeé ran ní òwú. Òwú òkè òkun la ó wá, kí a sì ka ìwé ara rẹ̀ dáadáa. 100% wool ni kó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí superwash tàbí machine washable, ẹ dá a padà: wọ́n ti fi kẹ́míkà jẹ ìpẹ́ yẹn kúrò tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan bíi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí aṣọ má baà súnkì. Ohun tí àwọn tó ṣe é ń sá fún ni àwa ń wá. Ẹ ṣọ́ra fún funfun báláú pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n fi búlíìṣì fọ̀ kì í sábà dì dáadáa, àwọ̀ tí àgùntàn gbé wáyé ló dára jù.

Tí ìwé ara òwú bá ti já dànù, ẹ gé okùn rẹ̀ méjì tó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ tú orí wọn, ẹ fi omi díẹ̀ rẹ ẹ́, ẹ gbé orí kan lé èkejì, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbo ó kíákíá fún ìdajì ìṣẹ́jú. Wúlù gidi tó lè dì á so pọ̀ di okùn kan ṣoṣo. Ẹ tún lè fi iná ràn án lókè abọ́ omi: irun àgùntàn á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún lọ́wọ́, acrylic á yọ́, á wá gan bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n iná kò lè fi superwash hàn wá o, nítorí irun àgùntàn lòun náà. Gbígbo nìkan ló lè tú u fó.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Èyí tó ṣeé gbé ka orí tábìlì ni, tí wọ́n fi ike ṣe, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò yípo bí àwọn tó dúró lágbo, tí ọwọ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yí i. Addi ti Jámánì ní èyí tó ní abẹ́rẹ́ 22 àti èyí tó ní 46. Sentro tó wọ́pọ̀ ní 48. Kékeré yẹn kò ní fún yín ju ohun tí ẹ lè ki bírò bọ̀ lọ, nítorí náà ẹ lo ńlá. Òwú tí wọ́n kọ worsted tàbí aran sí lára, ìyẹn orúkọ bí òwú ṣe nípọn tó, ló bá a mu. Èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa há sáàárín abẹ́rẹ́, ó sì lè dá ìkọ́ rẹ̀. Ẹ ra búọ̀lù méjì, 100 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 200 mítà, láti inú àwọ̀ tí wọ́n pa láró lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ara ìwé wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè súnkì lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu apẹ̀rẹ̀ á sì rí wọ́gọwọ̀gọ.

Kí ẹ tó hun apẹ̀rẹ̀, ẹ hun àpẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ fo ibí yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ iye ìyípo tí ẹ máa hun fún yín. Ẹ hun ìyípo 40, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ wọn ìbú àti gíga rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi dì, kí ẹ tún un wọ̀n; bí a ṣe ń hun ún àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ wà nísàlẹ̀. Ká ní ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24 tẹ́lẹ̀ tó wá di 18, tí gíga rẹ̀ sì kúrò ní 20 tó di 12. Ẹ rí i pé gíga ló súnkì jù. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìbú 18 túmọ̀ sí pé àyíká apẹ̀rẹ̀ á jẹ́ 36, ojú ìdí rẹ̀ á sì fẹ̀ tó 11 àti ààbọ̀. Ìyípo 40 fún wa ní 12, nítorí náà ìyípo 10 ló ń fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 3. Tí ẹ bá fẹ́ kí ara apẹ̀rẹ̀ ga tó 10, ẹ fi ìdajì ìdí rẹ̀, nǹkan bí 6, kún un, ó di 16. Ìlọ́po méjì la ó ṣe é kó lè le, ó di 32. Ìyípo 107 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di 110.

Nídìí ẹ̀rọ, òwú mìíràn la ó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ó tú dànù tó bá yá. Acrylic irun dídì tí a lé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan wúlò gan-an níbí, torí pé ó ń yọ̀. Ní ìyípo kìíní, abẹ́rẹ́ kan á gba òwú sínú ìkọ́ rẹ̀, èkejì á jẹ́ kó kọjá lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi yí ká. Ẹ wá ki òwú sínú ohun tó ń darí rẹ̀, ẹ hun ìyípo mẹ́fà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ bá dé iwájú, ẹ gé acrylic, ẹ gba wúlù sí i, kí ẹ sì fi ìdí òwú tó gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ sínú ihò àárín. Ẹ hun 110 yín, ẹ tún fi 70 sílẹ̀, ẹ fi acrylic hun ìyípo mẹ́fà sí i, kí ẹ gé e, kí ẹ sì yí ẹ̀rọ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi bọ́.

Ẹ má sáré yí i. Ojú tó bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́ kì í dì mọ́ ara rẹ̀ nínú omi, ńṣe ni ihò rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i. Ohun tó sábà ń fà á ni kí búọ̀lù máa há, kí òwú wá máa fà gan-an. Ẹ tú u sílẹ̀ kó máa wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyípo 10, ẹ máa fi ọwọ́ kan rọra fa ohun tí ẹ ti hun wálẹ̀. Tí ojú bá bọ́, ẹ fi ìkọ́ kúróṣé gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má yí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú lẹ ó fi gba gbogbo ojú 48 tó jẹ́ ti wúlù ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú acrylic dànù, ẹ fa òwú pinpin, ẹ ta á ní kókó méjì. Tí ihò àárín bá tóbi ju ìdí bírò lọ, ẹ tún un fà. Ó ti wá di àpò tó dí lókè dí nísàlẹ̀. Ẹ ti ìpẹ̀kun kan wọnú èkejì títí tí ìdí méjèèjì á fi pàdé, ẹ sì fi wúlù kan náà rán wọn pọ̀ láàárín. Kì í ṣe òwú ìránṣọ o; òwú ìránṣọ kò ní súnkì, ibi tó bá gbà á á wá ká jọ.

Fún fífi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ da omi tó gbóná tó ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà sínú abọ́, ẹ fi ṣíbí kékeré kan ọṣẹ ìfọbọ́ sí i. Ọṣẹ dúdú náà máa ń jẹ́ kó tètè dì, nítorí eérú tí wọ́n fi sè é, àmọ́ àwọ̀ tó ṣókùnkùn ni kí ẹ lò ó fún. Tí fóòmù bá pọ̀ jù, irun á kàn máa yọ̀ lára irun ni. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ gbo ó bí ẹní ń fọ ẹ̀wù mẹkáníìkì. Ẹ máa fi omi kẹ́tùlù kún un tó bá ti ń tutù. Ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ya inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Tí ẹ bá gbàgbé, ògiri méjèèjì tó dojú kọra á lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó ní bẹ́ẹ̀dì ṣùgbọ́n ẹ ò ní ní apẹ̀rẹ̀. Ó lè gbà tó ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Ó ti tó nígbà tí ẹ bá nà án tí ẹ ò rí ojú híhun mọ́.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lè so ó sínú àpò ìrọ̀rí, kí fúlùfúlù rẹ̀ má baà dí ihò omi, kó fi jíìnsì ògbó méjì sí i, kó sì fọ̀ ọ́ ní 60°C. Ẹ má lo táwẹ́ẹ̀lì. Irun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wúlù. Fífọ̀ kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta dára ju gígùn kan lọ, nítorí ìlẹ̀kùn kì í ṣí láàárín, ibi tó bá sì ti ká nínú ẹ̀rọ lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì ká a kí ẹ tẹ omi kúrò. Ẹ má fún un bí aṣọ. Ẹ wá agolo tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11, ẹ fi ọ̀rá wé e kí ìpẹtà má bà á jẹ́, kí ẹ fa apẹ̀rẹ̀ bò ó. Ẹ lu ìdí rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kó lè tẹ́. Ẹ yọ agolo lẹ́yìn ọjọ́ kan kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ, lásìkò òjò ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá gbẹ tó ṣì rọ̀ tàbí fẹ̀ jù, ẹ dá a padà sínú omi gbígbóná. Tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímú gé e tààrà; ibi tó ti dì dáadáa kò ní tú.