Bí Quarterback Tó Ti Fẹ̀yìn Tì Ṣe Ń Padà, àti Ohun Tó Ń Ná Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ọ̀tọ̀ ni kí agbábọ́ọ̀lù kéde pé òun fẹ̀yìn tì, ọ̀tọ̀ ni kí okùn tó so ó mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ já. Bí àdéhùn rẹ̀ bá ṣì ku ọdún kan, wọn kì í fagi lé e. Orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú ìwé àwọn tó fẹ̀yìn tì, àdéhùn náà á sì dúró síbi tó dé. Ì báà fi ọdún mẹ́ta pẹja, ọjọ́ tó bá ní òun fẹ́ padà, ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ló ṣì ni ín. Ìdí nìyí tí Rob Gronkowski, tó fẹ̀yìn tì ní New England ní 2019, kò fi lè lọ bá Tom Brady, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí ìkọlù ẹgbẹ́), ní Tampa tààrà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tampa ní láti kọ́kọ́ fún New England ní ipò kan ní ìpele kẹrin draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti yunifásítì.

Ẹni tó bá fẹ́ padà á kọ̀wé sí kọmíṣọ́nà líìgì. Bí kọmíṣọ́nà bá ti fọwọ́ sí i, owó ọdún náà ti hù lórí ẹgbẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ló kù: kí wọ́n gbà á sílé, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀. Títú sílẹ̀ ló máa ń bà wọ́n lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró bó bá forí lé ọ̀dọ̀ ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ quarterback Brett Favre ló ṣàfihàn gbogbo èyí. Ó sunkún fẹ̀yìn tì ní Green Bay ní oṣù Kẹta 2008. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé Minnesota, tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà, ni ojú rẹ̀ wà. Kọmíṣọ́nà dá a padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, mílíọ̀nù 12 dọ́là sì jáde sójú ìwé Green Bay. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi tà á fún New York Jets. Ipò ìpele kẹrin ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ iye ìgbà tó bá wà lórí pápá: bó bá gbá ìdajì, ó di ìpele kẹta, bí Jets bá sì ríbi dé ìdíje ìkẹyìn, ó lè di ìpele kìíní. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí Jets bá tà á fún Minnesota, ipò ìpele kìíní mẹ́ta ni wọ́n máa san.

Ibi tí ìwé náà ti jò ni pé títà ló ká, kò ká títú sílẹ̀. Favre tún fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún kan, Jets tú orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2009, ó sì bọ́ sí Minnesota ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na Green Bay lọ́dún yẹn.

Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí kó tó fẹ̀yìn tì kò ní ká èyíkéyìí nínú èyí lérí. Ní oṣù Kejìlá 2025, iṣan gìgísẹ̀ quarterback Indianapolis já. Wọ́n pe Philip Rivers, quarterback ẹni ọdún 44, tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní oṣù Kìíní 2021. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti wà lórí pápá ní Seattle, wọ́n sì pàdánù 18 sí 16. Ohun tó fi san án ni pé ọdún márùn-ún téèyàn gbọ́dọ̀ fi jókòó sílé kó tó wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni eré náà, bẹ̀rẹ̀ láti oókan fún un.

Owó gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Líìgì máa ń fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lọ́dún: mílíọ̀nù 208.2 dọ́là ní 2022, mílíọ̀nù 224.8 ní 2023. Àmọ́ owó ìbuwọ́lùwé, tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè pín in sórí ọdún tó pọ̀ tó márùn-ún nínú ìṣirò. Ká ní quarterback àgbà fọwọ́ sí ọdún kan, tó gba mílíọ̀nù 20. Ẹgbẹ́ á fi ọdún mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó retí pé ó máa gbá kún un. Ọdún orí ìwé lásán ni. Mílíọ̀nù 4 péré ló máa hàn lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á sì fi ìyókù ra àwọn mìíràn. Ọjọ́ tó bá kúrò, mílíọ̀nù 16 tó kù á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tó ti kú nìyẹn: ẹni tí wọ́n san án fún kò sí níbẹ̀ mọ́, àyè rẹ̀ sì ti kún. Bí wọ́n bá fi ìwé ìfẹ̀yìntì pamọ́ di ẹ̀yìn ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n lè pín in sí ọdún méjì. Ohun tí New Orleans ṣe fún Drew Brees ní 2021 nìyẹn: ó kéde ní oṣù Kẹta, wọ́n dín owó rẹ̀ kù pátápátá, ó di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Brady ní Tampa ni àpẹẹrẹ tó kún jù. Ó fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2022, ó sì padà ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. Ọjọ́ kejì ni àwọn ẹgbẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí àdéhùn wọn ń parí sọ̀rọ̀. Ìkéde yìí ló mú kí Ryan Jensen, ẹni tó ń na bọ́ọ̀lù sí i láti àárín ẹsẹ̀, dúró. Bó bá pẹ́ sí i lọ́sẹ̀ kan, ọjà ti tú.

Síbẹ̀, ojú ọjọ́ ti yí padà nínú àwọn géńdé márùn-ún tó ń dáàbò bò ó. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì tirẹ̀, ọ̀kan ti lọ sí Cincinnati, orúnkún Jensen sì bàjẹ́ ní oṣù Keje. Wọn kò rí ilẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré mọ́. Nínú ẹgbẹ́ 32, àwọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ni Brady bá ń jù ú ṣáá, ìgbà 733, kò tíì sí irú ẹ̀ nínú ìtàn líìgì. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ nígbà 22 péré lè rò pé ààbò dára. Rárá o. Kíá ló ń ju bọ́ọ̀lù nù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí àyè fún jíjù tó jìn. Touchdown rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó jù tó di àmì ayò ní òpin pápá, já láti 43 sí 25, ẹgbẹ́ sì parí pẹ̀lú 8 sí 9.

Èyí tí kì í hàn nínú èsì ni ọ̀dọ́ tó ń dúró. Àdéhùn ọdún mẹ́rin tí owó rẹ̀ kéré ni ẹni tí wọ́n bá yàn nínú draft máa ń gbà, ọdún olówó pọ́ọ́kú yẹn ló sì ń lọ bí àgbà bá jókòó sípò. Ní 2021, Tampa fi ipò 64 yan Kyle Trask, quarterback. Nígbà tí àdéhùn Trask fi parí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ eré líìgì kan. Green Bay ṣe òdìkejì rẹ̀: Aaron Rodgers, quarterback ọ̀dọ́ wọn, ti dúró ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Favre, wọn kò jẹ́ kó di mẹ́rin. Eré 6 péré ni wọ́n jẹ nínú 16 ní 2008, àmọ́ wọ́n gba Super Bowl, ìdíje ìkẹyìn líìgì, ní sáà 2010.

Brady fẹ̀yìn tì pátápátá ní 2023, ó fi mílíọ̀nù 35.1 dọ́là tó ti kú sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú méje ààlà ọdún yẹn. Tampa gbé gbogbo rẹ̀ ru lọ́dún kan ṣoṣo. Wọ́n mú quarterback Baker Mayfield ní mílíọ̀nù 4, wọ́n jẹ eré 9, wọ́n sì na Philadelphia 32 sí 9. Oṣù Kẹta 2024, tí gbèsè náà ti kúrò nínú ìwé, ni wọ́n tó fún Mayfield ní àdéhùn ọdún 3, mílíọ̀nù 100 dọ́là.