Àwọn Tó Kọ́kọ́ Ṣírò Igbó Kí Wọ́n Tó Gé E

Ìròyìn ìgbìmọ̀ Brundtland, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) gbé kalẹ̀, ti ọdún 1987 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní orísun ọ̀rọ̀ pé kí a má jẹ èbù mọ́ iṣu. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Freiberg ní Saxony, lápá ìlà-oòrùn Jámánì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, àwọn tó ń wa fàdákà ló sì fà á.

Iṣẹ́ fàdákà ń jẹ igi púpọ̀. Igi ni wọ́n fi ń ti òkè ihò kó má baà ya lu àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Níbi tí àpáta bá ti le, wọ́n á to igi gbígbẹ tì í, wọ́n á dáná sí i, ooru á sán an kí òòlù tó kàn án. Èyí tó tún wọ́n jù ni èédú tí wọ́n fi ń yọ́ fàdákà: igi bíi kìlógíráàmù 5 sí 7 ló ń di èédú kìlógíráàmù 1. Ọdún 1168 ni wọ́n rí fàdákà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa tó 1700, igbó itòsí ti tán, orí odò ni igi ti ń léfòó wá láti ọ̀nà jíjìn. Fàdákà ṣì wà nílẹ̀ o, ohun tí wọ́n á fi yọ́ ọ ló ń wọ́n.

Hans Carl von Carlowitz, olórí iṣẹ́ ìwakùsà níbẹ̀, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1713. Awakùsà ni, kì í ṣe aṣọ́gbó. Ó ní kí wọ́n máa gbin igi dípò èyí tí wọ́n gé, kí wọ́n ṣe ààrò tí kò ní máa jẹ igi jù, kí gígé má sì ju híhù lọ. Ó bínú sí àwọn tó ń sọ igbó di oko torí pé ọkà ń pa owó wọlé lọ́dọọdún.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ló fi ìṣirò sí i. Bí igi bá ń lo 100 ọdún kó tó gbó, pín igbó sí ọ̀nà 100, gé ọ̀kan lọ́dún, tún un gbìn. Kò pẹ́ tí èyí fi dójú tini, nítorí ilẹ̀ ò dọ́gba: ìpín kan á so igi rẹpẹtẹ, èyí tó wà lórí àpáta kò ní tó nǹkan. Ni Hartig àti Cotta, àwọn aṣọ́gbó Jámánì méjì, bá ní igi gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Bí hẹ́kítà 1,000 bá ń fi kúbíìkì mítà 6 kún ara wọn lọ́dún lọ́kọ̀ọ̀kan, 6,000 ni òpin gígé ọdún yẹn.

Ìṣirò yẹn dára, àmọ́ igi nìkan ló kà. Wọ́n gbin spruce, igi ilẹ̀ òtútù tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, nìkan káàkiri torí pé ó ń gùn gbọnrangandan, ó sì ń tà. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀, ìjì ń wú u. Ewé rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Kòkòrò abẹ́ èèpo igi sì rí oúnjẹ láti òkè dé òkè. Nígbà tí ọ̀dá dé ní 2018, spruce orí òkè Harz ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn òpìtàn kan sì ń yin aṣọ́gbó jù: èédú tí wọ́n wa láti inú ilẹ̀, kì í ṣe ti igi, ló gba ẹrù iná lórí igbó, èéfín rẹ̀ ló wá di gbèsè wa.

Ọmọ Jámánì kan, Dietrich Brandis, gbé ìṣirò yìí dé Burma (Myanmar òde òní) ní 1856 fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó lò ó fún igi tíìkì. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọwọ́ ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, di igbó ọba ní 1899, wọ́n sì gbin tíìkì síbẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn tó tún ti Burma wá ni kí àgbẹ̀ máa gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín ọmọ igi fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kó máa ro ó, kó tó kó kúrò fún igi. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòroó rí: lójú ẹni tí kò ní ilẹ̀ míì, bí igi bá tètè ga, oko rẹ̀ ló parí, ọmọ igi tó bá sì kú lábẹ́ ọkọ́ rẹ̀ á fi ọdún kan kún un fún un.