Àkeekèé Kọ́ Ló Pa Ológbò Yín

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni ìpè kan náà ti ń wọlé sórí fóònù mi, láti Òkè-Fìà dé Àlékúwodò ní Òṣogbo níbí: “Dókítà, àkeekèé ta ológbò mi o, ṣé kò ní kú?” Kí n tó lanu, wọ́n á ti fi kún un pé, “Àmọ́ mo ti fún un ní párá.” Gbólóhùn kejì yìí, ti párá (paracetamol), ló máa ń lé mi dìde lórí ìjókòó.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti àkeekèé. Èyí tó dúdú, tó tóbi, tó ń jáde lábẹ́ igi ìdáná àti òkìtì búlọ́ọ̀kù, tí ọwọ́ rẹ̀ gbórín, ẹ̀rù rẹ̀ ju oró rẹ̀ lọ. Kékeré tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àmọ́ tí ìrù rẹ̀ ki, òun lẹ máa ṣọ́ra fún. Bó bá ta ológbò tó ti dàgbà, yóò dùn ún, yóò máa gbọn ẹsẹ̀, yóò máa lá ojú ibẹ̀, ó sì lè tiro di ọjọ́ kejì. Ọmọ ológbò ni ẹ tètè gbé wá, àti èyíkéyìí tí èémí rẹ̀ bá ti le. Aláǹtakùn inú ilé kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Agbọ́n burú bó bá jẹ́ inú ẹnu ló ti ta á, torí ọ̀fun lè wú. Bó bá fi ẹnu kan ọ̀pọ̀lọ́, tí itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, kí ẹ fi omi ṣàn án. Ejò ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ológbò kò ní oògùn ejò kankan lára, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín; paramọ́lẹ̀ àti sèbé lè pa á. Bí sèbé bá tu oró sí i lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ dà sí i, omi púpọ̀. Kì í ṣe omi ọmú, kì í sì í ṣe ìtọ̀.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ párá ló gbé mi dé ibí.

Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní èròjà tó ń bá párá yí, tí yóò fi bá ìtọ̀ jáde. Ti ológbò kò tó nǹkan. Párá yóò wá jókòó sí i lára, yóò di májèlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé afẹ́fẹ́ kiri ara kò ní lè gbé e mọ́. Ológbò ń mí, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ara kò rí i lò. Ìdajì hóró 500 mg tí ẹ̀ ń lò sí orí fífọ́ tó láti dá a dùbúlẹ̀. Odidi kan lè pa á. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ má sọ pé ti ọmọdé ni, èyí olómi tó dùn. Àwọn oògùn òtútù tí ẹ sì ń rà ní kẹ́míìsì, ẹ ka ara páálí wọn: párá wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ológbò rẹ̀ wá nínú páálí Indomie. Àkeekèé ta á nídìí ààrò lálẹ́. Wọ́n fún un ní ìdajì hóró. Nígbà tí kò dákẹ́ igbe, wọ́n lọ ìdajì tó kù mọ́ ẹja fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ iwájú wú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò mọ̀ pé párá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta òkúta dúdú lọ́jà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ó ní oró ti gun orí, ló bá sín gbẹ́rẹ́ sí i, ó lẹ òkúta mọ́ ọn, ó gba owó rẹ̀. Òkúta yẹn kì í fa oró kankan. Ọdún mẹ́fà la fi ń kọ́ iṣẹ́ tèmi ní yunifásítì; mi ò mọ ọdún tí òun fi kọ́ tirẹ̀. Wọ́n délé, wọ́n tún là á lẹ́nu, wọ́n da epo pupa sí i. Nígbà tí mo gbọ́ àyà rẹ̀, epo náà ló ń dún nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, mo kán an sórí tíṣù funfun, mo kán ti ajá kan tó wà nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ajá pọ́n ròrò. Tirẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n pò láìsí mílíìkì, kò sì yí padà. Bàbá wò ó títí. Oògùn tó ń pa oró párá wà, acetylcysteine, àmọ́ àwọn wákàtí àkọ́kọ́ ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ológbò náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé bàbá ń sọ ládùúgbò pé àkeekèé ọdún yìí le, ó pa ológbò òun. Wọ́n ti gba ọmọ ológbò mìíràn, wọ́n sì ti fọ́n òtápíápíá sí gbogbo igun ilé nítorí àkeekèé.

Ẹ ṣàánú mi. Ológbò yóò gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá, yóò jókòó, yóò fi ahọ́n nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Dichlorvos, májèlé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ló sábà máa ń wà nínú òtápíápíá, òun kan náà tí NAFDAC torí rẹ̀ fòfin de ìgò kékeré ní 2019. Itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, ẹ óò sì tún pè mí pé àkeekèé ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí àkeekèé, ẹ pa iná lálẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò: yóò tàn yòò lára ògiri. Ẹ fi ẹ̀mú mú un.

Bó bá sì ti ta ológbò, ẹ fi aṣọ tó tutù lé ojú ibẹ̀, ẹ pè mí. Ohunkóhun tí ẹ bá ti fún un, ẹ mú páálí rẹ̀ dání wá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Mi ò ní bú yín tó bí ẹ ṣe rò.