Fọ́tò mọ́ kedere, fídíò ṣú: kí ni kámẹ́rà ń kó dànù?

Ìbéèrè: Kámẹ́rà kan náà, lẹ́ńsì kan náà. Bí mo bá fi ya fọ́tò, irun ìpéǹpéjú ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fi ya fídíò, ojú kan náà á dà bí ohun tí wọ́n fi àkísà nù. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un ló yàtọ̀. Ká ní sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 24, fọ́tò kan á jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Fídíò 4K kò ju 3840 sí 2160 lọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.3. Full HD, ìyẹn 1920 sí 1080, kò ju mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ lọ. Fídíò ti kéré sí fọ́tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà gan-an wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, báìtì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwòrán 4K kan ṣoṣo á gba nǹkan bíi 25MB. Bí a bá ya 25 irú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di 622MB. Kámẹ́rà tí ẹ sì rí 100Mbps nínú ménù rẹ̀ (bíìtì mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 8 ló sì di báìtì kan), 12.5MB péré ló ń kọ sórí káàdì ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Bí a bá pín gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí sí ọ̀nà 50, ọ̀nà kan ló kù lọ́wọ́ yín. Kámẹ́rà ti kó 49 yòókù dànù.

Báwo ló ṣe ń kó o dànù tí a kì í fi í mọ̀? Àwọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dín kù, torí ojú èèyàn mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, á kọ àwòrán kan sílẹ̀ lódindi, àwọn tó tẹ̀ lé e, kìkì ohun tó bá yí padà nínú wọn ni yóò kọ. Ẹni tó jókòó síwájú ògiri tó ń sọ̀rọ̀ kò fún un ní iṣẹ́ púpọ̀: ẹnu ló ń mì, ògiri dúró sójú kan. Ẹ wá kọjú kámẹ́rà sí odò tó ń ṣàn tàbí igi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Gbogbo ewé ló ń mì. 12.5MB kò tó mọ́, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra nǹkan pọ̀, ẹ ó sì rí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké níbi tó yẹ kí ewé wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé òkùnkùn náà ń jẹ nínú 12.5MB yẹn. Bí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó rí, bá ga, èérún wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn oníkámẹ́rà ń pè ní nọ́ìsì, á máa jó lójú àwòrán, kò sì sí àwòrán méjì tí tiwọn bára mu. Lójú kámẹ́rà, gbogbo ìyẹn ni ohun tó yí padà. Á wá máa ná ààyè rẹ̀ lórí èérún, kò ní sí tó fún irun ìpéǹpéjú mọ́. Ìdí nìyẹn tí iná kan tí ẹ bá gbé sún mọ́ ojú ẹni tí ẹ ń yà fi máa ń ṣe fídíò lóore ju lẹ́ńsì olówó gọbọi lọ.

Nínú ménù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Noise Reduction sí, kí ẹ sì dín in kù dé ìsàlẹ̀. Òun náà wà lára ohun tó ń nu ojú. Sharpness náà, ẹ dín in kù, torí ńṣe ló ń fa ìlà yí etí nǹkan ká, kì í dá ohun tó ti sọ nù padà. Bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá jẹ́ ijó tàbí eré ìje, ẹ lo All-Intra bí kámẹ́rà bá ní in: gbogbo àwòrán ló máa ń kọ lódindi, àmọ́ ó máa ń jẹ káàdì gan-an. H.265 àti H.264 jẹ́ ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀: H.265 máa ń fi ààyè kékeré ṣe ohun tí H.264 fi ààyè ńlá ṣe, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á máa gbọ̀n tí ẹ bá fẹ́ gé fídíò náà.

Ìbéèrè: Nínú gbọ̀ngàn kan, ìlà dúdú gbọọrọ ń gun ojú fídíò mi lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú lásán kò rí nǹkan kan. Kí ló fà á?

Iná tó wà níbẹ̀ ló ń ṣẹ́jú. Iná mànàmáná 50Hz (tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù tàn kó sì rọ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tó bá ti jẹ́ 60Hz, bíi Amẹ́ríkà, ó di 120. Yúróòpù àti èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà ń lo 50Hz. Japan ń lo méjèèjì: 50 ní apá ìlà-oòrùn, 60 ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ojú wa kò yára tó láti rí i. Sẹ́ńsọ̀ sì rèé, kì í ka àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìlà òkè ló ti máa ń kà á bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ìlà tó bá pàdé iná nígbà tó tàn á mọ́lẹ̀, èyí tó bá pàdé rẹ̀ nígbà tó rọ̀ á dúdú.

Oògùn rẹ̀ ni kí ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, ṣí títí títàn àti rírọ̀ iná á fi pé, kó má kù díẹ̀, kó má lé. Lábẹ́ 50Hz, ṣọ́tà 1/100 ìṣẹ́jú àáyá gba títàn àti rírọ̀ kan géérégé, 1/50 gba méjì. Lábẹ́ 60Hz, 1/120 tàbí 1/60 ni. Ẹni tó wà lábẹ́ 50Hz tó lo 1/60 ti gba ẹyọ kan àti díẹ̀ lára ìkejì, díẹ̀ yẹn ló di ìlà tí ẹ rí. Ohun tó sì sábà máa ń ti àwọn èèyàn síbẹ̀ ni ṣọ́tà aládàáṣe: ibi tí iná bá ti pọ̀ díẹ̀, á sáré lọ sí 1/200 láìbi yín.

Ẹ yí kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan nǹkan, ẹ gbé ṣọ́tà sí 1/50, kí ẹ sì yan 25 tàbí 50 gẹ́gẹ́ bí iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí 25 kò bá sí nínú ménù, NTSC, ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi kámẹ́rà náà sí. Ẹ yí i sí PAL, ètò ti ibi tí iná jẹ́ 50Hz. Kámẹ́rà mìíràn á ní kí ẹ fọ́máàtì káàdì, ìyẹn ni pé kí ẹ nu gbogbo ohun inú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, torí náà kí ìbẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ má bá yín lẹ́nu rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lo 30, 29.97 ni nọ́ńbà yẹn ní tòótọ́. Ọdún 1953 ni Amẹ́ríkà dín in kù bẹ́ẹ̀, kí àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n má bàa dí ohùn lọ́wọ́. A ṣì ń jẹ gbèsè rẹ̀ títí di òní.)

LED tí wọ́n ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù le ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rọ̀ ní tòótọ́, ńṣe ni wọ́n ń pa tí wọ́n sì ń tan lemọ́lemọ́, iye ìgbà tí wọ́n sì ń ṣe é kò kan 50 tàbí 60. Ẹ dán an wò: ẹ kọjú kámẹ́rà sí ògiri funfun tí iná náà tàn sí, kí ẹnì kan máa yí bọ́tìnnì iná náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin máa wo ojú kámẹ́rà. Lórí 100% ògiri á mọ́ tónítóní. Bó ṣe ń wálẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, á sì máa dúdú sí i. Bí iná yẹn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lórí 100%, kí ẹ gbé e sẹ́yìn tàbí kí ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó bó bá mọ́lẹ̀ jù. Bí iná náà kì í bá ṣe tiyín, àwọn kámẹ́rà kan ní ṣọ́tà tó ń yí ní kéékèèké, 50.1, 50.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa yí i títí ìlà á fi dúró, tí á sì pòórá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á tán, kò rọrùn láti yọ ìlà yẹn kúrò.

Ìbéèrè: Mo fi 1/50 sílẹ̀, mo jáde sínú oòrùn, gbogbo àwòrán di funfun báláú. Ṣé kí n gbé ṣọ́tà lọ sókè?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìrìn á bàjẹ́. Ní 1/2000, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré á máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹni pé wọ́n ń yí ìwé. Bàìbàì díẹ̀ tí 1/50 ń fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń mì ni ojú wa mọ̀ sí ìrìn.

Ohun tí ẹ nílò ni ND, gíláàsì dúdú tí à ń dè síwájú lẹ́ńsì. Lábẹ́ oòrùn gbangba, ISO 100 pẹ̀lú 1/100 ń fẹ́ f/16 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, ihò tóbi). Bí ẹ bá wá fẹ́ 1/50 àti f/2.8, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìyẹn ìlọ́po 64. ND64 ló tó o. Ẹni tó ń yà ní Log, ọ̀nà ìyàwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣì fún àtúnṣe lẹ́yìn, níbi tí àwọn kámẹ́rà kan kì í ti í gbà kí ISO wálẹ̀ ju 800 lọ, á wá ND512. ND tó ń yí, tí ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́fà, dára fún eré, ṣùgbọ́n lórí lẹ́ńsì tó fẹ̀, bí ẹ bá yí i dópin, àmì X dúdú á yọ láàárín àwòrán.

Ìbéèrè: Kí nìdí tí òpó iná fi ń dagun bí mo bá yí kámẹ́rà kíákíá?

Ìdí kan náà pẹ̀lú ìlà dúdú. Kí sẹ́ńsọ̀ tó ka ìlà ìsàlẹ̀, kámẹ́rà ti kúrò níbi tó ti ka ìlà òkè. Ẹ rọra máa yí i. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà wà, kì í ní àrùn yìí rárá, àmọ́ owó ńlá ni.

Ìbéèrè: 4:2:0, 4:2:2, 8-bit, 10-bit. Èwo ló kàn mí nínú wọn?

Ẹ mú píksẹ́lì 8, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ní 4:2:0, àwọn 8 náà ní ìmọ́lẹ̀ tiwọn, àmọ́ àwọ̀ méjì péré ni wọ́n jọ ń pín. Ní 4:2:2, wọ́n ní mẹ́rin. Ẹni tó kàn ń wo fídíò kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ yọ aṣọ aláwọ̀ ewé kúrò lẹ́yìn ènìyàn ni yóò mọ̀ ọ́n, torí etí irun á rí jágajàga.

Ní ti bit, 8-bit fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele 256, 10-bit fún un ní 1024. Ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tú àṣírí: bí ẹ bá ṣe àtúnṣe àwọ̀ lórí 8-bit, ibi tó yẹ kí ọsàn rọra di búlúù á di àtẹ̀gùn, ìlà lórí ìlà. Log sì ń fún oòrùn àti òjìji pọ̀ mọ́ inú ìpele yẹn kan náà. Log lórí 8-bit dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ̀rún ọṣẹ kan fọ òkìtì aṣọ. Bí 8-bit ni kámẹ́rà yín ní, ẹ fi Log sílẹ̀, kí ẹ yan àwọ̀ tó wà déédéé, kí ẹ dín contrast (ìyàtọ̀ láàárín mímọ́ àti dúdú) kù, kí ẹ sì ṣètò white balance (èyí tó ń mú kí funfun jẹ́ funfun) dáadáa: nǹkan bíi 5600K fún ìta gbangba, 3200K fún gílóòbù onípupa rúsúrúsú.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ 170MB/s sára káàdì mi, síbẹ̀ kámẹ́rà ní kò yára tó.

Nọ́ńbà gàdàgbà yẹn, ìyára kíkà ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kó nǹkan jáde. Lẹ́tà V kékeré tó wà létí ni kí ẹ wò. V30 ń ṣèlérí pé kò ní kọ ohun tó dín sí 30MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, V60 jẹ́ 60, V90 jẹ́ 90. Ẹ fi 8 pín Mbps kámẹ́rà kó tó di MB: 100Mbps jẹ́ 12.5, V30 tó o. 400Mbps jẹ́ 50, ó fẹ́ V60. 600Mbps jẹ́ 75, V90 nìkan ló lè gbé e. Ní 100Mbps, káàdì 64GB á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 85.

Ayédèrú káàdì tún wà, èyí tí wọ́n kọ 256GB sí lára tó jẹ́ pé 32GB ló wà nínú. Fáìlì á máa wọlé, orúkọ wọn á hàn, àmọ́ àwọn tó kọjá 32GB kò ní ṣí. Ẹ fi H2testw dán káàdì tuntun wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux: wọ́n á kọ nǹkan kún un, wọ́n á sì kà á padà. Inú kámẹ́rà ni kí ẹ ti fọ́máàtì rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun inú rẹ̀ sí ibi méjì.

Ìbéèrè: Kámẹ́rà mi ń dá dúró láàárín iṣẹ́.

Ẹ wo aago rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59 ló ń dúró ní gbogbo ìgbà, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Owó ibodè Yúróòpù ló bí i: nígbà yẹn, kámẹ́rà fọ́tò tó bá lè ya ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n máa ń kà á mọ́ kámẹ́rà fídíò. Àwọn tuntun púpọ̀ ti yọ òté yìí. Bí tiyín bá ṣì ní in, ẹ dá a dúró fúnra yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Bí kò bá ní àsìkò kan pàtó, tí àmì tẹ̀mómítà sì yọ, ooru ni. Ẹ ṣí ojú ìwòran kúrò lára kámẹ́rà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mí, ẹ fi agboòrùn bò ó, ẹ sọ 4K 60 di 4K 25, kí ẹ sì wá inú ménù bóyá ibì kan wà tí ẹ ti lè gbé òté ooru sókè. Bátìrì pàápàá ń gbóná. Bátìrì àfarawé tó ń gba iná láti ara ògiri máa ń ràn án lọ́wọ́.

Fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, ẹ gba fídíò jáde láti ihò HDMI sínú rẹ́kọ́dà ìta. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo àmì orí ojú kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á wọnú fídíò. Ihò HDMI kékeré yẹn kì í fara da fífà rárá: ẹ fi okùn so wáyà mọ́ ara kámẹ́rà tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó dẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti wọlé, torí bó bá ṣẹ́, ó lè jẹ́ odindi bọ́ọ̀dù inú kámẹ́rà ni wọ́n á pààrọ̀.